Òkè Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Damun

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Tae-ik, orí fóònù ni. Ọwọ́ mi méjèèjì pọ́n fún ata, mò ń fi ata pa kábéèjì tí a máa jẹ nígbà òtútù lára, mo wá fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí.

Ó ní, "Ìyálé mi, etí omi ni mo wà báyìí o. Mò ń wo òkè yín lódìkejì. Igi ńlá tó wà lórí rẹ̀, ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì?"

Mo ní, "Ẹyọ kan ni mo fi sílẹ̀. Bó bá ti di méjì, á jẹ́ pé ó ti bímọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi kábéèjì díẹ̀ pamọ́ fún òun, kí n má kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Seoul fún àwọn ọmọ tí kì í jẹ ẹ́. Mo ní kó rọra wa mọ́tò, kó má wà á bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ní, "Ajá ò lè bá mi." Ọ̀rọ̀ wa parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń bu omi gbígbóná sí kọfí ní ọ́fíìsì, iṣan kan bẹ́ lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún.

Ok Gyeong-sim ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àbúrò ọkọ mi, Jae-mun, ló fẹ́ ẹ. Èmi ni ìyálé, òun ni ìyàwó, àwa obìnrin méjì yìí la sì kù nínú agbo ilé lẹ́yìn tí ìyá ọkọ wa kú, tí ọkọ mi náà tẹ̀ lé e. Ní Anteo, abúlé tiwa, a kì í fi orúkọ àbísọ pe obìnrin ilé. Ibi tí wọ́n ti gbé e níyàwó la fi ń pè é títí yóò fi wọ sàréè. Ìyàwó Mulgae ni gbogbo abúlé ń pe Gyeong-sim, torí Mulgae létí òkun ni wọ́n ti gbé e wá. Èmi nìkan ni mo ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é. Èmi fúnra mi, Ìyàwó Meoru ni wọ́n ń pè mí. Ẹ di ìyẹn mú, ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

Ẹlẹ́ja ni ìyá Gyeong-sim. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò mọ ata yàtọ̀ sí koríko. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá wa roko, ó fa ọmọ ata tu ní ebè kan látòkè délẹ̀. Ìyá ọkọ wa wá dúró lé e lórí.

"Ọmọ ẹlẹ́ja, ṣé ìpẹ́ lo rò pé ò ń ha?"

Gyeong-sim gbójú sókè. "Ìyá, ẹja ò ní gbòǹgbò. Ẹ tún fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní béèrè mọ́."

Ìyá ọkọ wa kì í rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tí kò bá mọ̀, á ní òun ò mọ̀ ọ́n, á sì kọ́ ọ. Ohun tó bá ti gbà pé òun mọ̀, kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láéláé.

Nígbà tí ẹ̀yìn Jae-mun bàjẹ́ nídìí iṣẹ́ ẹrù gbígbé, tí kò lè tẹ̀ mọ́, Gyeong-sim bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní gbọ̀ngán àwọn obìnrin nínú ìlú. Ọmọ tó lè bí ni àwọn tó wà níbẹ̀. Ó fara dà á. Lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Seokju, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń tún fún èèyàn lọ́dọọdún bí ẹni ń tún òrùlé koríko ṣe. Kò sígbà kan tí wọ́n sọ fún un pé ó ti di tirẹ̀ pátápátá. Bọ́dún bá ti ń parí lọ, á máa rìn bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí, títí wọn yóò fi ní kó máa bọ̀.

Àwòrán ilẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ìjọba ń kó gbogbo ibi tó lórúkọ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ odò, òkè, abà, ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàdé nísàlẹ̀ igi. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó so ibì kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ ìjọba tó ni ín. Ọdún kan, bí a ṣe ń dín ẹja fún àwọn baba ńlá, mo béèrè ohun tó ń ṣe gan-an níbẹ̀.

Ó ní, "Mò ń wá bàbá fún wọn ni, Ìyálé. Kò síbi tó lè dá dúró nínú nǹkan yìí. Abà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ abúlé, abúlé lábẹ́ ẹkùn, ẹkùn lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ ìpínlẹ̀."

"Ìpínlẹ̀ ńkọ́?"

"Lábẹ́ orílẹ̀-èdè."

"Orílẹ̀-èdè ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà dúró níbẹ̀. Ẹ má béèrè mọ́, ẹja yín ń jóná."

"Ibi tí kò bá ní bàbá wá ńkọ́?"

"Kì í gbà á. Bí mi ò bá tíì yan bàbá fún un, kò ní jẹ́ kí n kọjá lọ sí òmíràn. Á kàn máa wò mí ni, bí Jae-mun nígbà tí ebi bá ń pa á."

Jae-mun wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ó ní, "Mo ń gbọ́ o." Gyeong-sim ní, "Torí kí o lè gbọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Ọjọ́ kan ó wá òpópónà tí ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹja ní Mulgae. Wọ́n ti wó ibẹ̀ tipẹ́, ọ̀nà mọ́tò ti gbà á kọjá, àgbègbè tó wà níjọ́sí sì ti di ara òmíràn. Mo rò pé yóò sunkún nígbà tó ń sọ fún mi. Ó tún ìrẹsì bù sínú abọ́. Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn gbé e fún bàbá mìíràn tọ́ ni."

Ibi tí omi bò ló le jù lọ fún un. Nígbà tí ìjọba sé odò, mo ti wà nílé ọkọ, àkọ́bí mi ti ń rìn. Omi gba odindi ẹkùn kan. Wọ́n pa ẹkùn náà rẹ́, wọ́n sì pín àwọn òkè tó yọrí lókè omi láàárín Seokju tiwa àti Damun tó wà lódìkejì. Àwọn tí òkú wọn wà nísàlẹ̀ hú wọn, wọ́n sì lọ tún wọn sin síbòmíràn. Orí òkè ni ìyá mi wà. Omi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a fi í sílẹ̀ níbi tó fúnra rẹ̀ ní kí a sin òun sí. Ọ̀nà ibẹ̀ ló rì. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi lọ síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ló ni ọkọ̀ náà. Kí ọdún oṣù kẹjọ tí a fi ń rántí àwọn òkú wa tó wọlé, yóò gbé gbogbo ẹni tó ní sàréè lódìkejì lọ gé koríko.

Ma Pil-gu ló ń tu ọkọ̀ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ òkè tó ń gbé wa lọ kò lórúkọ nínú àwòrán ilẹ̀ kankan, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ ló fi ń pè wọ́n. Bó bá ti kan èmi, á fi ẹnu ṣe fèrè, á ní, "Òkè Meoru dé o! Ìyàwó Meoru, ẹ kó dòjé yín!" Bí gbogbo wa ṣe wá ń pè é ní Òkè Meoru nìyẹn. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí Gyeong-sim kú, mo gba ibùdókọ̀ lọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ti pọ́n dòjé, mo gbé ọtí soju àti ẹja gbígbẹ dání. Pil-gu na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

"Ìyá, ẹ máà bínú. Òkè yín ti kúrò lọ́wọ́ wa."

"Òkè ń rìn ni?"

"Kọ̀ǹpútà ló gbé e rìn. Damun ló ni ín báyìí. Ìbánigbófò ọkọ̀ yìí kò dé Damun. Bí ẹ bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀, èmi ni wọ́n máa mú."

"Pil-gu, ṣé ìwọ kọ́ lo gbé mi lọ lésìí?"

"Èmi ni. Lésìí, ojú mi ni mo fi ń tukọ̀. Lọ́dún yìí, nǹkan yìí ló ń sọ ibi tí mo lè gúnlẹ̀ sí." Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan hàn mí tí wọ́n so mọ́ iwájú ọkọ̀. Òkè ìyá mi wà níbẹ̀, ó funfun, àwọn yòókù jẹ́ àwọ̀ ewé.

Àwọn yòókù wọlé. Obìnrin kan ní kí n gbé dòjé mi fún òun, kí òun sáré bá mi gé e. Pil-gu ní òkè náà kọ́ ni òun máa dúró sí, dòjé ò ní dá lọ. Ọkọ̀ lọ. Mo jókòó sórí òkúta, mo sì mu díẹ̀ nínú ọtí tó yẹ kí n ta sílẹ̀ fún ìyá mi. Nígbà tí mo délé mo tẹ Damun láago. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seo ló gbé e, ó sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ìyá, òótọ́ ni, ó wà lábẹ́ wa. Ṣùgbọ́n a ò ní ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo sàréè tiwa, mọ́tò ló ń dé ibẹ̀."

"Mọ́tò yín mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ mí, ó ní òun ò rí nǹkan ṣe sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ ọ́ fún Gyeong-sim bó ṣe ń bó ata ilẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń bínú, mo ń fi Pil-gu ṣẹ̀sín. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyálé, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

"O tẹ kí ni?"

"Òkè náà. Ó dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú orúkọ tí Pil-gu kọ ránṣẹ́, Òkè Meoru. Ibi tí wọ́n pín ilẹ̀ sí kò hàn dáadáa nínú àwòrán àtijọ́, ìlà gba àárín omi kọjá, ó sì sọnù. Mo ní, ta ni kò mọ Meoru? Meoru wà ní Damun. Mo ní Damun ni bàbá rẹ̀." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀yin náà wò ó, ṣé Meoru kọ́ ni wọ́n ti gbé yín wá ni?"

Mo ní, "Wọn ò gbé mi láti Meoru. Neutigol ni wọ́n ti gbé mi. Ẹ̀yìn Neutigol tí omi bò ni òkè yẹn wà, ìhà Seokju tiwa ni wọ́n pín in sí, èmi ò sì fẹsẹ̀ tẹ Meoru rí láyé mi."

Ó ní, "Ẹ ní kí ni?"

Mo bá ṣàlàyé. Ìyá ọkọ wa, Neutigol ni wọ́n ti gbé òun náà, òun ló sì lọ wá mi wá láti abà tirẹ̀. Òun ni Ìyàwó Neutigol. Ta ló máa fi orúkọ ìyá ọkọ pe ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Wọ́n wo ibi tí wọ́n ti gbé ìyá tó bí mi, wọ́n rí Meoru, wọ́n fi sọ mí. Ní Anteo, gbogbo àgbà ló mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ọ̀hún ti kú tán ni.

Gyeong-sim fi ọwọ́ tó kún fún ata ilẹ̀ gbá àyà. "Yéè! Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí! A jọ gé kábéèjì, a jọ sin ìyá ọkọ, a jọ bú àwọn ọkọ wa, ẹ ò sì sọ fún mi pé ẹ ò wá láti Meoru?"

"O ò béèrè."

"Ta ní í béèrè! Ṣé èèyàn máa ń bi adìyẹ pé ṣé adìyẹ ni?"

"Ó ti wá di pé mo jẹ́ adìyẹ."

"Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá yín ni mo gbé fún àwọn ará Damun." Ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ojú rẹ̀ ń ta á nítorí ata ilẹ̀, mi ò mọ èwo ni tèwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti wà níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó rò pé bí òun ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé náà lòun máa ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní, ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ọwọ́ ẹnì kan tó o. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan, ìjọba ìbílẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì tó ti gbé ibẹ̀ rí kí omi tó bò ó. Wọ́n sì fẹ́ àwòrán òkè náà bó ṣe rí lónìí.

Mo jẹ́ ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí. Ìkejì ni a wá kiri. Àwọn ará Neutigol ti fọ́n ká, ọ̀pọ̀ ti kú. Gyeong-sim rí Bàbá Gu Yong-dal ní ilé àwọn arúgbó kan nínú ìlú, bàbá tí iyè rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Ó fi mọ́tò rẹ̀ tó ń sáré yẹn gbé mi lọ síbẹ̀, mo di ilẹ̀kùn mú títí a fi dé. Bàbá jókòó lójú fèrèsé, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Ta nìyí?"

"Ọmọ Pak alágbẹ̀dẹ ni, Bàbá. Neutigol."

"Irọ́ ni. Pak alágbẹ̀dẹ ò bímọ obìnrin. Ìjàngbọ̀n kan ló bí, tó máa ń gun igi èso wa."

"Èmi ni ìjàngbọ̀n náà."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "O ti darúgbó." Mo ní òun náà kò kéré. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì ń jalè. Gyeong-sim sún mọ́ ọn, ó bi í léèrè òkè tó wà lẹ́yìn Neutigol, pé kí ni wọ́n ń pè é.

"Òkè wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín, Bàbá. Tí sàréè wà lórí rẹ̀."

"Ẹ̀yìn ilé nìyẹn. Ta ló ń sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lórúkọ?"

Gyeong-sim rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gba ohùn bàbá sílẹ̀, bàbá sì tẹ èdìdì orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí. Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń bọ̀, ó ní, "Ìyálé, ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ni ibì kan kì í sọ ọ́ lórúkọ. Àlejò ló ń sọ ọ́. Òkè tiyín ò lórúkọ rí títí ẹ fi di àlejò síbẹ̀." Mo ní kó wo iwájú, ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀.

Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Damun nígbà ìrúwé. Seo ní ó dé ọwọ́ òun, pé kò sí ìjà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ka igi orí òkè náà mọ́ igbó Damun, àwọn elétò igbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Àwọn elétò igbó ní àwọn fẹ́ rí àwòrán. Gyeong-sim ya àwòrán láti etí omi, wọ́n ní ó jìnnà jù. Ó lọ bẹ Pil-gu pé kó gbé òun dé abẹ́ òkè, kó má gúnlẹ̀, kí òun kàn yà á. Pil-gu ní ọ̀rọ̀ ìbánigbófò náà ni. Gyeong-sim ní, "Bí mo bá ṣubú sómi, mà á sọ pé ní Seokju ni mo ti ṣubú." Pil-gu ní òun á rò ó. Oṣù kẹjọ tún dé, ọkọ̀ tún lọ láìsí èmi. Lọ́jọ́ yẹn Gyeong-sim gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wá bá mi jókòó sórí òkúta ibùdókọ̀, ó bu ọtí fún mi, ó sì kọjú sí òkè náà, ó tẹrí ba fún ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìyá, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí koríko bò yín díẹ̀ sí i, mò ń bọ̀." Àwọn èèyàn ń wò wá. Kò kà wọ́n sí.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, tí ewé ti wọ́ tán, tí ara òkè ti hàn, ó yá kámẹ́rà tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ó sì padà lọ sétí omi. Ọjọ́ yẹn ló pè mí.

A sin ín sórí òkè ìdílé wa, lẹ́yìn ilé, nísàlẹ̀ ìyá ọkọ wa. Àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ wá, wọ́n jẹun, wọ́n sunkún bó ṣe yẹ. Tae-ik gbé àwòrán ìyá rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, Jae-mun wá bá mi ní ìdí iná, ó fi orúkọ àkọ́bí mi pè mí.

"Ìyá Gi-yeol, kámẹ́rà tó yá ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti dá a padà."

"Àwòrán inú rẹ̀ ńkọ́?"

Èmi náà ò mọ̀. A lọ béèrè. Ọmọbìnrin tó wà lórí àga rẹ̀ báyìí wá a fún wa, ó rí i. Òkè náà wà níbẹ̀, ó hàn kedere, igi kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Mo wá sàréè ìyá mi títí, koríko ni mo rí. Ọmọbìnrin náà ní òun ti fi í ránṣẹ́ sí Damun. Wọ́n ti gbé Seo lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní òun ṣì ń kà á. Pil-gu wá sílé wa lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹja odò wá, ó ní bí òun bá mọ̀ ni, òun ì bá ti gbé e lọ. Mo ní kó jókòó, kó jẹun.

Lọ́dún yìí, kí oṣù kẹjọ tó wọlé, mo gé koríko sàréè ọkọ mi, ti ìyá ọkọ wa, àti ti Gyeong-sim. Eékún mi ń dùn mí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò jìnnà. Damun kò tíì dáhùn. Òkè Meoru ni wọ́n ṣì ń pè é nínú kọ̀ǹpútà, abẹ́ Damun ló wà, ọkọ̀ kì í gúnlẹ̀ síbẹ̀, a kò sì tíì gé koríko sàréè ìyá mi.